Lẹ́tà Tí Kò Bẹ̀bẹ̀

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń bá àwọn ẹlẹ́gbẹ́ mi kúnlẹ̀ lórí ìwé. Ní ọ́fíìsì wa ní Garki, bí wọ́n bá fún ẹnikẹ́ni ní kúẹ́rì, ìyẹn ìwé tí ọ̀gá fi ń bi òṣìṣẹ́ pé kí ló dé tó fi ṣe ohun tó ṣe, kó sì fèsì kí ọjọ́ méjì tó pé, ọ̀dọ̀ mi ni onítọ̀hún máa ń mú un wá. Kì í ṣe iṣẹ́ tí wọ́n gbà mí fún. Àkọsílẹ̀ ìpàdé ni mo ń ṣe, mo sì ń tọ́jú fáìlì. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi mọ ẹ̀bẹ̀ kọ, gbogbo ilé iṣẹ́ ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó ní bí mo ṣe ń ṣe é. Màá fa àga fún ẹni náà, màá ní kó rò ó fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀, mi ò sì ní fọwọ́ kan bírò títí yóò fi rò ó tán. Àwọn kan á sunkún. Àwọn kan á kọ́kọ́ parọ́, wọ́n á wá yí i padà nígbà tí wọ́n bá rí i pé mi ò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni màá kọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Gbólóhùn kìíní, ẹni náà ti dojú bolẹ̀. Èkejì, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá tó tètè rí àṣìṣe òun. Lẹ́yìn ìyẹn ni àlàyé á ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, á sì rọra wọlé bí ẹni tó pẹ́ dé mọ́ṣáláṣí. Ní ìparí, kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́ láéláé. Bí ẹni náà ò tiẹ̀ jẹ̀bi rárá, á bẹ̀bẹ̀ ná. Ẹni tí kò bá tíì ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá nílẹ̀ yìí lè pe ìyẹn ní ojo. Ọ̀gá ò wá àlàyé nínú èsì kúẹ́rì. Ẹ̀bẹ̀ ló ń wá, tó bá sì ti rí ẹ̀bẹ̀, òun fúnra rẹ̀ á bá ọ wá àlàyé. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní ń yọ ọfà lápó.

Bàbá awakọ̀ wa wà lára àwọn tí mo ti bá bẹ̀bẹ̀ rí. Ọmọ Ìwó ni, ó ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún. Kwali ló ń gbé, kí ilẹ̀ tó mọ́ ló sì ti máa ń wà lójú ọ̀nà kó lè bá bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ wọ ìlú. Ó ti pẹ́ ní Abuja débi pé, bó bá ń sọ Yorùbá, “yauwa” àti “kai” àwọn Hausa á máa já wọ àárín rẹ̀, òun gan-an ò sì mọ̀ pé òun ń sọ wọ́n. Gẹ̀ẹ́sì tó gbọ́ kò ju èyí tó fi ń bá àwọn sójà ojú ọ̀nà sọ̀rọ̀ lọ. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló fi wakọ̀ fún wa, síbẹ̀ wọn ò gbà á wọlé tán. Ọdọọdún ni wọ́n ń tún ìwé iṣẹ́ rẹ̀ ṣe, bí ẹni tó ń yá aṣọ wọ̀. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, orúkọ rẹ̀ ti wà lára àwọn tí wọ́n fẹ́ sọ di òṣìṣẹ́ gidi nígbẹ̀yìn-gbẹ́yín. Ó fi ìwé náà hàn mí lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí n tún bá òun wò ó bóyá orúkọ òun ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ tí mo kọ́kọ́ bá a kọ, nítorí ọkọ̀ ọ́fíìsì tó fi ha géètì ni. Ọ̀gá ka èsì náà, ó rẹ́rìn-ín, ó ya kúẹ́rì dànù. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, Bàbá gbé àmù kan wọ ọ́fíìsì mi, èyí tí àwọn obìnrin Kwali ń mọ. Orí itan rẹ̀ ló gbé e lé nínú bọ́ọ̀sì láti Kwali títí dé Garki kó má bàa fọ́. Ó ní, “Àǹtí, ẹ gbà. Ẹ máa fi mu omi tútù. Ẹ ti da omi tútù sí mi lọ́kàn.” Àmù náà ṣì wà ní kọ̀rọ̀ ilé ìdáná mi títí di òní.

Ìgbà tó yá, wọ́n kó gbogbo wa jọ sí yàrá ìpàdé, wọ́n fi AI hàn wá. Arákùnrin tó wá kọ́ wa ní kí a máa sọ ohun tí a fẹ́ fún un, yóò bá wa kọ ọ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo yọ ṣùtì sí i. Kí ni ẹ̀rọ mọ̀ nípa ọ́fíìsì wa? Lọ́jọ́ kejì, mo ní kó bá mi to àkọsílẹ̀ ìpàdé tó ti ń dùn mí lẹ́yìn láti ọ̀sẹ̀ kan. Ìṣẹ́jú kan ni. Kí oṣù tó parí, mi ò lè kọ “ẹ kú iṣẹ́” sí ẹnikẹ́ni mọ́ láìkọ́kọ́ bi í léèrè. Ọ̀gá yìn mí lójú gbogbo èèyàn, ó ní Gẹ̀ẹ́sì mi ti dán sí i, ó ní kí àwọn yòókù wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Mo tẹrí ba, mo gba ìyìn náà tọwọ́tẹsẹ̀. Mi ò sọ ibi tí mo ti rí i.

Ọjọ́bọ̀ ni Bàbá mú kúẹ́rì kejì wá. Lọ́jọ́ tó ṣáájú, wọ́n rán an lọ sí ibùdókọ̀ rélùwéè ní Idu kó lọ gbé àlejò ọ̀gá tó ń ti Kaduna bọ̀. Àlejò dé, kò rí ẹnì kankan, ó wọ takisí wá, ó sì wọ ọ́fíìsì ọ̀gá pẹ̀lú ìbínú. Ọ̀gá ò dúró gbọ́ nǹkan kan. Ó kọ kúẹ́rì.

Mo ní ìjábọ̀ kan tó gbọ́dọ̀ jáde kí aago mẹ́rin tó lù. Mi ò fa àga fún Bàbá. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni màá máa rántí pé mi ò fa àga fún un. Ó dúró létí tábìlì mi, ó ká fìlà rẹ̀ mọ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rò: pé rélùwéè pẹ́, pé òun ti wà níbẹ̀ láti aago méjì, pé ìrun Àsárì tó, òun sì yà sí mọ́ṣáláṣí tó wà nítòsí. Bó ṣe ń rò ó ni mò ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ibi tó ti ní, “Àǹtí, bí mo ṣe wà lórí ìforíkanlẹ̀ ni mo gbọ́ fèrè,” mo ní, “Ó ti tó, Bàbá, ó ti yé mi.” Mo sọ fún AI pé awakọ̀ kan gba kúẹ́rì, kò jẹ̀bi, kó kọ èsì tó lágbára fún un.

Ó kọ ọ́. Ó ní wọ́n yí àsìkò rélùwéè padà, kò sì sẹ́ni tó fi ìwé sọ fún awakọ̀. Ó ní òfin fún gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè láyè láti ṣe ẹ̀sìn rẹ̀. Ó ní kúẹ́rì náà yá jù, nítorí wọn ò kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu òṣìṣẹ́. Ó wá gba ọ́fíìsì nímọ̀ràn pé kí wọ́n ṣe ìlànà bí wọn yóò ṣe máa pàdé àlejò lẹ́yìn èyí. Gẹ̀ẹ́sì náà ń dán gbinrin. Kò sí ibi tó ti kọsẹ̀, kò sì sí ibi tó ti kúnlẹ̀. Ojú ni mo fi kà á, mi ò fi orí kà á. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo na bírò sí Bàbá.

Ó gba bírò, ṣùgbọ́n kò tíì fọwọ́ sí i. Ó wo ìwé náà látòkè délẹ̀, bí ẹni tó ń wá ojú ẹni tó mọ̀ láàárín èrò.

“Àǹtí, ṣé ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n níbẹ̀?”

“Mo bẹ̀ wọ́n, Bàbá. Ẹ fọkàn balẹ̀.”

Ó dúpẹ́, ó fọwọ́ sí i. Mo ti yẹ ìdáhùn mi yẹn wò lóríṣiríṣi láti ọjọ́ náà. Nígbà mìíràn màá sọ fún ara mi pé irọ́ kọ́, pé àṣà ẹnu ni, nítorí gbogbo ìgbà ni mo máa ń bẹ̀ wọ́n. Àmọ́ mo kúkú ka ìwé náà. Mo mọ ohun tó wà níbẹ̀, mo sì mọ ohun tí kò sí níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá ránṣẹ́ pè mí nítorí ọ̀rọ̀ ìpàdé kan. Èsì Bàbá ló wà níwájú rẹ̀. Ó kà á sókè fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, gbólóhùn kọ̀ọ̀kan tó bá kà ni mò ń kéré sí i lórí àga mi. Nígbà tó kà á tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

“Dírẹ́bà fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́. Ó ti lọ gba lọ́yà.”

Ó yẹ kí n ti sọ̀rọ̀ nígbà náà. Gbólóhùn kan péré ni: èmi ni mo kọ ọ́, sà, ẹ̀rọ ló sì bá mi kọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́, ọ̀gá á mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì tó ń yìn mí sí kì í ṣe tèmi. Ìtìjú kékeré yẹn ni mo fi iṣẹ́ bàbá àgbàlagbà náà bò. Ohun tó jáde lẹ́nu mi kò ju pé kí ọ̀gá ṣàánú, pé bàbá arúgbó ni. Ó ní arúgbó tó ń ka òfin sí òun létí kò nílò àánú òun. Ó ní kí wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára àwọn tí wọ́n fẹ́ gbà wọlé, ìwé iṣẹ́ rẹ̀ tó ń parí lóṣù yẹn, wọn ò ní tún un ṣe mọ́. Ó wá ní kí èmi kọ lẹ́tà náà, nítorí mo mọ̀ ọ́n kọ.

Mo padà sídìí tábìlì mi. Ọwọ́ mi kọ̀, kò lè kọ ọ́. Mo tún yíjú sí AI, ó sì kọ ọ́ kí n tó mí kanlẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá fún ọdún mẹ́rìndínlógún tó fi ara rẹ̀ jìn. Ó yin sùúrù rẹ̀ àti ìtọ́jú tó ń tọ́jú ọkọ̀. Ó gbàdúrà fún òun àti ìdílé rẹ̀. Lẹ́tà tó yẹ kó bẹ̀bẹ̀ kò bẹ̀bẹ̀, èyí tó ń lé èèyàn lọ ló wá ń pọ́n ọn lé.

Ẹ̀yin náà á ti mọ ẹni tí Bàbá mú un wá bá kó kà á fún òun. Kò tíì ya àpòòwé rẹ̀ pàápàá. Lọ́jọ́ yẹn, mo fa àga fún un. Mo ń ka Gẹ̀ẹ́sì, mo ń sọ ọ́ ní Yorùbá, ibi ìdúpẹ́ ni mo sì ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni lẹ́tà náà ti bẹ̀rẹ̀. Ojú Bàbá là. Ó jókòó dáadáa.

“Yauwa,” ló wí. “Mo mọ̀ pé wọ́n á gbọ́ ẹ̀bẹ̀ yẹn.”

Mo ka ìyókù fún un. Kò dá mi dúró. Nígbà tí mo parí, èmi ni omi ń bọ́ lójú mi, òun ló sì ń rẹ̀ mí lẹ́kún. Ó ní kí n má sunkún, pé mo ti ṣe tèmi, mo bá òun bẹ̀ wọ́n, wọn ò kàn gbọ́ ni. Ó ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lápò, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e lé mi lọ́wọ́, ó lọ.

Mo fẹ́ lọ bá a ní Kwali kí n sọ òótọ́ fún un. Mo pinnu bẹ́ẹ̀ ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan, ara mi ò yá. Òmíràn, ọmọ mi ní ìdánwò. Ọyẹ́ dé, ó lọ, mi ò lọ. Ẹni tó bá fẹ́ sá fún òótọ́ kì í wá àwáwí tì. Àfìgbà tí a gbọ́ pé Bàbá ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ lẹ́yìn ìrun Súbúhì, kò sì dìde mọ́. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n sin ín.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé ọjọ́ kẹjọ rẹ̀, èmi nìkan wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Kwali, ọ̀kadà ló sì gbé mi láti gáréèjì dé ẹnu ọ̀nà wọn. Ìyàwó rẹ̀ wà lórí ẹní nílé opó. Ọmọbìnrin wọn, tó ń ṣe olùkọ́ nílé ẹ̀kọ́ kan níbẹ̀, ló gbé àpótí fún mi. Mo ti kó ọ̀rọ̀ mi jọ nínú bọ́ọ̀sì: pé èmi ni mo fi àìfarabalẹ̀ ba ti ọkọ wọn jẹ́. Ṣùgbọ́n kí n tó la ẹnu, ìyá náà ti ń gbàdúrà fún mi. Ó ní òun mọ̀ mí, èmi ni Àǹtí tí ń bá wọn bẹ̀bẹ̀, pé ọkọ òun kì í sọ̀rọ̀ mi láìfi kún un pé Ọlọ́run á bá mi tọ́ ọmọ mi. Ó fa ọ̀rá kan yọ lábẹ́ ìrọ̀rí. Ẹ̀dà èsì kúẹ́rì tí Bàbá mú relé ló wà nínú rẹ̀, wọ́n ká a nígun mẹ́rin.

“Ẹ bá mi kà á, kí n gbọ́ bó ṣe bẹ̀ wọ́n.”

“Mọ́mì, I don read am for you now,” ni ọmọ rẹ̀ wí. “Kò sí ẹ̀bẹ̀ kankan nínú ẹ̀.”

“Ẹ má dá a lóhùn. Abuja ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ ò pé.”

Mo gba ìwé náà. Ọmọ náà ń wò mí. Bí mo bá sọ òótọ́ tí mo bá wá, ohun kan tó kù tí obìnrin yìí fi ń tu ara rẹ̀ nínú ni màá gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ojo ló tún ń ṣe mí ni, mi ò lè fi gbogbo ẹnu sọ. Mo gbójú lé ìwé náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí kò sí níbẹ̀.

“Ọ̀gá mi, mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú yín. Mo dúpẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ bi mí, ẹ ò jẹ́ kí ẹlòmíràn bi mí. Ẹ jọ̀ọ́, bàbá kì í fi idà pa ọmọ rẹ̀ nítorí pé ó pẹ́ lọ́jà.”

Ó ń wọlé, bí mo ṣe ń kọ ọ́ látijọ́. Ìyá náà ti di ojú rẹ̀, ó ń mi orí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ibi àlàyé, ohùn mi tán. Mi ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí. Bàbá fẹ́ rò ó fún mi, èmi ni mo ní ó ti tó.

Ìyá náà rò pé ẹkún ló gbà mí lóhùn. Ó bá mi mú un níbẹ̀. Ó ní ọkọ òun ti sọ ọ́ fún òun: bó ṣe gbọ́ fèrè lórí ìforíkanlẹ̀ tó kẹ́yìn, tó sì sáré jáde láìtíì sálámà parí ìrun. Pé bàtà kan ló rí wọ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ kejì lásán sá eré lé takisí náà títí dé ojú títì, ó ń ju fìlà sókè kí àlejò lè rí i. Ó ní ẹsẹ̀ náà bó, pé omi gbígbóná ni òun fi jó o lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

“Ṣé ẹ kọ ibi tó ti fi bàtà kan sáré?”

“Mo kọ ọ́, ìyá.”

Mo sì kà á fún un, bàtà kan, fìlà lókè, ẹsẹ̀ tó bó. Mo kà á dé ibi pé kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́ láéláé. Ó fi etí ìborùn nu ojú rẹ̀.

“Ẹ̀bẹ̀ tó dára báyìí,” ló wí. “Kí ló wá dé tí wọn ò fi gbọ́?”

Mo ní kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, mo dìde.

Ọmọ rẹ̀ sìn mí jáde. A rìn títí a fi dé ibi tí àwọn ọlọ́kadà máa ń dúró. Ibẹ̀ ló ti ní, “Àǹtí, ohun tí ẹ kà yẹn, kò sí nínú pépà yẹn.”

Mo ní mo mọ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un níbẹ̀, AI àti ìjábọ̀ aago mẹ́rin, àga tí mi ò fà, ẹnu tí mi ò là níwájú ọ̀gá. Mo ń dúró kó bú mi. Kò bú mi. Ó ṣí báàgì rẹ̀, ó fa ìwé kan ya láàárín ìwé àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, ó na òun àti bírò sí mi.

“Mọ́mì máa ní kí n tún un kà lọ́la,” ló wí. “Ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá tí mo lè kà.”

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹni tó ń ta káàdì fóònù, mo gbé ìwé lé orúnkún, mo kọ ọ́. Ọwọ́ mi ti gbàgbé bírò, lẹ́tà ń wọ́ kiri ojú ìlà. Mi ò fo nǹkan kan. Nígbà tí mo kọ ọ́ tán, ọmọ náà kà á kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó sì dúró síbi àyè tó ṣófo nísàlẹ̀. Ó bi mí pé ta ló máa fọwọ́ sí i, nígbà tí bàbá òun ò sí mọ́.

Mo gba ìwé náà padà, mo fi orúkọ ara mi sí i.